Ẹ̀kúnwọ́ Kan Lórí Kílò Kan

Èmi ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá ìwọ̀n nílé iṣẹ́ gààrí kan ní Ìgbò-Ọrà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní sátífíkéètì, mo ní síkéèlì, mo tún ní kọ̀ǹpútà tó máa ń kú bí iná bá ti lọ.

Àwọn tó fẹ́ máa ra gààrí wa n'Íbàdàn ní kí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò kan. Ó lè fi ogún gíráàmù lé, ó lè fi ogún dín. Kò tán síbẹ̀ o. Wọ́n ní ká fi hàn pé èyí tí a kò wọ̀n pàápàá kò ní kọjá ààlà yẹn. Bí a kò bá lè fi hàn, ọ̀gá wa máa ti yàrá tí wọ́n ti ń di gààrí pa. Inú yàrá yẹn ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Mo wọ̀n títí mo fi ń rí gààrí lójú oorun. Mo ṣírò bí ìwọ̀n wa ṣe tàn kálẹ̀ tó, mo fi wé àyè tí wọ́n fún wa. Háà! Àyè wọn tẹ́ẹ́rẹ́, àwa fẹ̀ bí agbádá. Mo dá ẹ̀rọ lẹ́bi, mo dá iná lẹ́bi, mo kọ lẹ́tà gígùn tó kún fún òye. Àwọn tó ń fọwọ́ dì í nìkan ni n kò wò.

Lọ́jọ́ tí mo wọlé lọ bá wọn, ẹ̀rọ da kílò kan sínú ọ̀rá, ó pé géérégé. Ìyá mi wò ó, ó yọ ṣùtì, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ó wá lẹ ẹnu ọ̀rá pa. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn pátá!

"Màámi, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Ènì ni. Ta ní ń ta gààrí láìfi ènì sí i? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní ahun ni?"

Láti kékeré mi ló ti ń ta gààrí lọ́jà Láńlátẹ̀, kó tó wá sílé iṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, ẹ̀kúnwọ́ á pọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá fa ìjọ̀gbọ̀n nílé, á kéré. Gbogbo ìjà ilé wa ló wà nínú ìṣirò mi.

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n jáwọ́. Mo tún wọ̀n: a wọ inú ààlà, àyè tiẹ̀ ṣẹ́kù. Àwọn ará Ìbàdàn gbà. Inú mi dùn débi pé mo ya àwòrán ìwọ̀n wa fún ọ̀gá: bó ṣe rí nígbà tí ọwọ́ wà níbẹ̀, àti bó ṣe rí nígbà tí ọwọ́ kúrò. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni mí.

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn. "Ọwọ́ ló ń bà á jẹ́? Kí la wá ń fọwọ́ ṣe?"

Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti ra ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá. Ìyá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ relé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ní mítíìnì. Ó dùn mí dé egungun.

Iwájú ilé ni ìyá mi ti ń ta gààrí báyìí. Lánàá mo ra kóńgò kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n, ó bu ẹ̀kúnwọ́ ńlá lé e.

"Gbé e lọ sórí síkéèlì ẹ," ó ní, "kóo wò ó bóyá ó ti pọ̀ jù."