Ọkùnrin Tó Ka Lima ní Èbúté Wárì

Láyé owó epo, èdè mẹ́tàdínlógún ni mo gbọ́ ní Wárì. Bí mo bá mu ògógóró, wọ́n a di mọ́kàndínlógún. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì ka ìkẹfà tán. Ẹrù ni mo ń rù ní èbúté.

Kíka ení, èjì, ẹ̀ta ni àwa aláàárù tó wá láti Ọ̀yọ́ fi ń mọ ẹbí èdè. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí ìyàwó mi, ọmọ Iṣẹ́kírì, ń ka ẹja fún oníbàárà, mo ti mọ̀ pé èdè wa tan mọ́ra. Ti Urhobo kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ òkun kan fi atukọ̀ kan tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ fún wa. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ. Bí a bá bi í ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, orúkọ erékùṣù kékeré kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ló ń pè ṣáá, bí ará abúlé tó bá dé Èkó.

Ọ̀gá wa ní èbúté, ọmọ Ìjẹ̀bú, pè mí.

"Ìwọ elédè mẹ́tàdínlógún, ọkọ̀ Filipínì ń lọ lọ́la. Bí eléyìí bá jẹ́ ọmọ wọn, kó bá wọn lọ sílé. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àtìmọ́lé ni o."

Mo lọ mú wẹ́dà kan, ọmọ Filipínì, wá láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìfọpo ní Ekpan. Mo ní kó kà. Ó nàka láti ẹ̀rin dé èje: "Apat, lima, anim, pito." Àlejò náà fò dìde, ó ń kà tẹ̀lé e, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Wẹ́dà fọwọ́ họrí. "Ọ̀gá, mi nọ dè hía wetin im dè tọ́ọ̀kì o." Iye nìkan ló yé e.

Èmi náà gbọ́ ìyàtọ̀. Àwọn méjèèjì kì í gbóhùn sókè sódò bíi tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àlejò máa ń há sí ọ̀nà ọ̀fun níparí, bí ẹni tí òkèlè fún lọ́rùn. Ti wẹ́dà ń ṣàn gbẹrẹgẹdẹ. N kò sọ ọ́. Ọ̀gá ti ń pè mí ní pùròfẹ́sọ̀.

"Ẹbí ni wọ́n, sà!" ni mo wí.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé ni ọ̀gá bi mí léèrè, kì í ṣe ẹbí. Bí wọ́n bá gbé mi dé ilé àna mi, ṣé Ọ̀yọ́ nìyẹn?

Lọ́jọ́ kejì, àlejò náà gun ọkọ̀ Filipínì, ó na ìka márùn-ún sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Lima!"

Kò pẹ́ sígbà náà, kúùkù ọkọ̀ kan láti Indonéṣíà wá ra ata lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó ń kà á: "Empat, lima, enam."

"Ẹbí ọkùnrin ọjọ́sí rè é!" Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́.

Mo rọra dárúkọ erékùṣù náà fún kúùkù. Ojú rẹ̀ là. Ó ní orílẹ̀-èdè òun ló wà, ìrìn ọjọ́ méjì lójú omi sí ilé òun.

"Kí ló wí?" ni ìyàwó mi bèèrè.

Mo ní ó ní ata náà ta jù.