Ìwé Tí Yóò Bi Wá Ní Nǹkan

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n gbé mi lọ sí Ṣókótó láti ṣe àgùnbánirọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ni mo ti ń kọ́ni, àdúgbò Gidan Igwai ni mo sì gba yàrá sí, nínú ilé ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé èdè Hausa ló fi ń bá àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ wí. Àwọn méjì ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀: nọ́ọ̀sì kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, àti ọmọbìnrin kan tó ti fẹ́ jáde ní girama. Àwọn méjèèjì ń pe onílé ní Ìyá, ọmọbìnrin náà sì ń pe nọ́ọ̀sì ní Àǹtí. Mo gbà pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n.

Mo kó ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá díẹ̀ wá láti ilé. Nígbà tí Ìyá gbọ́ bí mo ṣe ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ọ̀kan, ó ní kí n wá kà á sétí àwọn. Bí ẹgbẹ́ ìwé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Alásárì, lórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò. Èmi ni wọ́n ní kí n máa yan ìwé. Ìtàn ìfẹ́ ni mo kọ́kọ́ yàn, kó má baà sú ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á tán, kò sẹ́ni tó rí nǹkan sọ. Ìyá ní ìwé náà dùn lóòótọ́, àmọ́ kò bi òun ní nǹkan kan. Ó ní kí n wá èyí tí yóò bi àwọn ní nǹkan.

Mo wá yan ìtàn obìnrin kan tó fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tó lọ kàwé ní ìlú òkèèrè. Ọmọbìnrin yẹn ló ń kà á fún wa. Ó kà á dé ibi tí ìyá náà ti padà wálé, tí ọmọ sì sá pamọ́ nítorí pé kò dá a mọ̀ mọ́. Ó dúró. Nọ́ọ̀sì ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ tirẹ̀ náà dúró.

“Àǹtí, nígbà tí ẹ fi mí sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ máa ń rántí mi?”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n. Ọwọ́ Ìyá, tó jẹ́ ìyá àgbà rẹ̀, ni ọmọbìnrin náà dàgbà sí, ìdí nìyẹn tó fi ń pe ẹni tó bí i ní Àǹtí. Mo nawọ́ sí ìwé náà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ mú òmíràn wá. Nọ́ọ̀sì ní rárá, kí n fi í sílẹ̀.

Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ní Kàdúná tí òun ti kọ́ṣẹ́, bí òun bá ti ṣíwọ́, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni òun máa ń lọ. Àwọn ọ̀gá rò pé iṣẹ́ ló wu òun.

“Ọmọ tó bá tó ọ ni mo ń wá kiri,” ó ní. “Bí mo bá ti rí i, màá bá a di irun rẹ̀.”

Ọmọbìnrin náà wá bi Ìyá bóyá òun náà sá pamọ́ nígbà tí Àǹtí dé. Ìyá ní ó sá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wọ̀, kúlíkúlí ni àwọn sì fi tàn án jáde. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó gbé ìwé lé orúnkún, ó ń kà á lọ.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la fi jiyàn lórí ìwé yẹn. Ìyá ní obìnrin náà ì bá mú ọmọ rẹ̀ dání. Nọ́ọ̀sì ní níbo ni yóò gbé e sí nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin náà ní ohun tó ń bí òun nínú ni pé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin, kò sẹ́ni tó bi bàbá ọmọ léèrè ohunkóhun.

“To,” Ìyá fi èdè Hausa gbà, “ìyẹn náà ọ̀rọ̀ ni.”

Nígbà tí mo sìnrú ìlú tán, ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà mí síṣẹ́, mi ò sì kúrò nínú ilé yẹn. Àwọn aládùúgbò wá dara pọ̀ mọ́ wa. Ìyàwó olùkọ́ yunifásítì kan ń ti àdúgbò Arkilla wá. Ọmọbìnrin náà gba ìwé yíyàn lọ́wọ́ mi. Àkọ́kọ́ tó yàn nípọn, ó sì le, àfi kí a tún àwọn ojú ìwé kan kà kó tó yé wa. Kò sẹ́ni tó ráhùn.