Wákàtí Méjì Tí Mi Ò Dúró

Ó ti tó ọdún kan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè, ti wọ kíláàsì kẹ́yìn. Ìsoríkọ́ ni wọ́n pe àìsàn náà. Kì í fẹ́ wẹ̀, kì í yarun, ògiri ló máa ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Oríṣi oògùn méjì ló lò, kò sí èyí tó ràn án. Nígbà tó sọ fún mi pé ó wu òun kí òun sùn kí òun má jí mọ́, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Yábà. Màmá wa tẹ̀ lé wa.

Dókítà ibẹ̀, obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, dábàá kẹ́támíìnì. Màmá fò dìde.

"Ṣé kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìta ń fà símú?"

"Òun náà ni, Mà. Òun la tún fi ń kun èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Ìwọ̀nba díẹ̀ la máa fi sínú omi tí a ó fà sí wọn lára, a ó sì máa wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn. Òòyì lè kọ́ wọn. Ó lè dà bíi pé ara wọn kì í ṣe tiwọn." Ó wá kọjú sí mi. "Tí omi bá tán, wọ́n gbọ́dọ̀ fi wákàtí méjì sinmi níbí. Wọn ò gbọdọ̀ dá lọ sílé. Ẹ̀yin lẹ máa mú wọn lọ."

Mo fọwọ́ sí ìwé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò. Ẹ̀rù bà á, nọ́ọ̀sì sì dì í lọ́wọ́ mú títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ó jí láàárọ̀ Sátidé, ó ní kí n bá òun ra àkàrà. Ìdí agbada alákàrà ni mo ti sunkún.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ni nígbà tí ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí léraléra.

"Máa lọ jàre," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ara mi ti le."

Nọ́ọ̀sì ní kò tíì tó àkókò. Mo parọ́ fún un pé àbúrò wa ti gbé mọ́tò dé. A ò ní àbúrò. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo fi í sí, pé kó gbé e délé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, mo bá sáré lọ síbi iṣẹ́.

Tejúoṣó ló ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun rò pé òun ti délé ni, pé ilẹ̀ jìnnà sí ẹsẹ̀ òun. Mọ́tò kan gbá a. Egungun itan rẹ̀ kán.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì pẹ́ lórí ibùsùn. Kẹ́támíìnì dúró, ẹ̀gbọ́n mi tún kọjú sí ògiri. Nígbà tí egungun jinná, dókítà ní a lè tún bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò lọ mọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. "Ìwọ kọ́ lo wa mọ́tò," ló fi dá mi lóhùn, kò sì wojú mi.

Màmá ń sọ ọ́ káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì pé oògùn yẹn ló ba ọmọ òun jẹ́. Mo máa ń jókòó tì í. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn.

"Dókítà ní ká gbìyànjú oògùn yẹn fún wọn. Ṣé lóòótọ́ ló ṣe ẹ̀gbọ́n yín báyẹn?"

Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ọ̀hún le."

Obìnrin náà ní àwọn ò ní lọ mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.