Àmín Kan Lọ́nà Adó-Odò

Èmi ni mo kọ́ Rauf bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà ní mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Yàrá òun àti ìyàwó rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú ilé tí a jọ ń gbé ní Ìyànà Ìyesí. Ọmọ oṣù mẹ́fà ni Fáìzàh, ọmọ wọn, nígbà tí ìyá rẹ̀, Afeezat, padà sẹ́nu iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ bisikíìtì kan ní Sango. Iléeṣẹ́ tí Rauf ń bá ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀ ti dá òun àti àwọn mìíràn dúró. Ó padà sídìí iṣẹ́ télọ̀ tó kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó wá sí Ọ̀tà. Ó gbé máṣíìnì síwájú yàrá, ó ń rán aṣọ iléèwé, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ náà ti lé lọ́dún kan àti oṣù mẹ́sàn-án nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré gbé rí, kó má pe ara rẹ̀ ní onísùúrù. Fáìzàh jẹ ṣọ́ọ̀kì tí Rauf fi ń sàmì sáṣọ. Ó ju fóònù bàbá rẹ̀ sínú gàárì. Ó fi bọ́tìnnì mọ́kànlá sínú bàtà mi, mi ò sì mọ̀ títí mo fi dé ọjà. Bí Rauf bá ní òun fẹ́ bínú, ọmọ á di orúnkún rẹ̀ mú, á gbójú sókè wò ó, á rẹ́rìn-ín, ìbínú á sì tán. Rauf nìkan ló mọ bí ògì rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó. Òun ló mọ ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn tí oorun fi ń gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di aago mẹ́fà ààbọ̀ tí bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ já Afeezat sílẹ̀ lójú títì, gbogbo èyí parí nìyẹn. Fáìzàh á ju ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù, á já ara rẹ̀ gbà, á máa pariwo "Màámi, Màámi" títí dé ẹnu géètì. Kò ní wo ẹ̀yìn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wo ojú Rauf bó ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà, ṣíbí lọ́wọ́, tí ògì ń kán sílẹ̀ láti ẹnu ṣíbí náà. Owú ni mo rí. Mo mọ owú tí mo bá rí i, èmi náà ti ní orogún rí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Á wá jókòó sọ́dọ̀ mi, á máa ka àléébù ìyàwó rẹ̀. Ó ní Afeezat ń fi bisikíìtì ra ọmọ. Ó ní kò mọ̀ ọ́n pọ̀n dáadáa, ó ní irun tí ó ń dì fún un ti le jù. Ọjọ́ kan ibà mú ọmọ náà, ọjọ́ mẹ́ta ni Rauf fi gbé e sáyà tí kò rán aṣọ kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Afeezat wọlé, ọmọ rẹ́rìn-ín, ibà lọ. Ẹnìkan nínú ilé bá fi ṣàwàdà pé ìyá ni wúrà, baba ni dígí. Rauf dìde níbẹ̀, ó wọ yàrá lọ, kò sì kí onítọ̀hún fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, òótọ́ sì ni, nítorí Rauf gbẹ gan-an lọ́dún náà.

Àbúrò Afeezat tó parí Kùránì wá fẹ́ ṣe wòlímọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ní Adó-Odò, níbi tí ìyá wọn ń gbé. Ṣíìfù Afeezat ní Sátidé di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọn kò sì gbà á láyè. Wọ́n bá fẹnu kò pé kí Rauf àti ọmọ ṣáájú ní Sátidé, kí òun wá bá wọn láàárọ̀ Sọ́ńdè. Afeezat lọ síbi iṣẹ́ ní kùtù, mo rí i nígbà tó ń jáde. Nígbà tí oòrùn yọ, mo bá Rauf so ọ̀já náà le, mo fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì fún ọmọ, wọ́n sì lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi, mo sì gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọ̀ Afeezat.

Ìrìn àjò náà kọ́kọ́ dùn. Fáìzàh ju ọwọ́ sí gbogbo ọ̀kadà tó kọjá. Ó ṣí fìlà bàbá tó jókòó níwájú wọn lẹ́ẹ̀mẹta, bàbá náà sì ń tẹrí ba fún un kó lè tún ṣí i. Ó ju bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún gba ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó ṣu. Rauf tẹ́ ẹ sórí itan nínú ọkọ̀ tó ń mì, ó tọ́jú rẹ̀, ó pààrọ̀ páḿpáàsì rẹ̀ kíákíá, àwọn obìnrin ọkọ̀ sì ń wò ó. Bó ṣe fi ọ̀já dè é mọ́ àyà padà ni orí ọmọ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó tì í, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọmọ́túndé, na ọwọ́, ó tún orí náà ṣe.

Fáìzàh bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Màámi" ló ń ké, kò dákẹ́. Rauf fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó jù ú nù. Ó fún un lómi, ó tu ú dà sí i láyà. Rauf ní ohun tó ń gbóná nínú òun nígbà náà kì í ṣe àárẹ̀. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló nù ún nídìí, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ọmọ ń pè.

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́, ọkọ mi?" ni Ìyá Ọmọ́túndé bi í. Kò sì dúró gbọ́ èsì. Ó wo ọmọ tó ń ké, ó wo ọkùnrin tó so ọ̀já, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ti yé mi. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Kí Ó bá yín wo èyí tó fi sílẹ̀."

Rauf ti la ẹnu láti sọ pé Afeezat wà níbi iṣẹ́. Ohun tó jáde ni "Àmín."

Gbogbo ọkọ̀ bá gbà á. Bàbá onífìlà dìde fún un níbi ojú fèrèsé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Joy yíjú padà láti iwájú, ó ní, "Oga, sorry o. God go strengthen you," ó sì fún ọmọ ní mílíìkì oníke. Wọ́n ń pè é ní ọkùnrin gidi. Wọ́n ní àwọn baba míì ì bá ti gbé irú ọmọ yìí jù síbì kan. Ó rẹ Fáìzàh náà, ó gbé orí lé àyà bàbá rẹ̀, ó sùn.

"Ó ti tó ìgbà wo?" ni Ìyá Ọmọ́túndé tún bi í.

"Kò tíì pẹ́, Ìyá."

Ẹ gbọ́, àmín ṣeé gbójú fò. Ó lè jábọ́ lẹ́nu èèyàn. Ṣùgbọ́n "kò tíì pẹ́" yẹn, ṣe ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sàréè fún ìyàwó tó sanwó ọkọ̀ tó wọ̀. Mo sọ ọ́ fún un lójú, kò sì bá mi jiyàn. Ó ní fún nǹkan bíi wákàtí kan, òun ní ọmọ náà ní òun nìkan, kò sì sí ẹni tí yóò wá gbà á lọ́wọ́ òun nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ Adó, ìyá náà bi í pé ilé ta ni ó ń lọ. Ó ní ilé àna òun ni, ilé Alhaja Sílífátù lágboolé Akíndé. Ìyá náà mi orí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, kò sọ nǹkan mìíràn. Rauf rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsárì tán ni àwọn ìyá àgbà márùn-ún wọlé Alhaja Sílífátù pẹ̀lú ìborùn funfun, Ìyá Ọmọ́túndé ló ṣáájú. Ẹgbẹ́ àsàlátù kan náà ni òun àti Alhaja. Nílẹ̀ wa, ẹnìkan ṣoṣo kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Àgbà ni í kó ara wọn jọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè omi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ibi tó jìnnà. Rauf ń fi ìrẹsì sẹ́nu Fáìzàh lẹ́bàá ògiri nígbà tó rí wọn, ìrẹsì náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alhaja," ni Ìyá Ọmọ́túndé wí, "ohun tí Ọlọ́run fún èèyàn, Òun náà ló ni ín."

Alhaja wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo Rauf, ó wo ọmọ. "Afeezat mi?" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Rauf dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, Afeezat ò kú. Ó wà níbi iṣẹ́. Èmi ni mo ṣe àmín tí kò yẹ kí n ṣe."

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ń pa á lẹ́yìn, ó ní kó sunkún, ó ní ìbànújẹ́ ti fẹ́ yí i lórí. Rauf pe fóònù Afeezat léraléra, ó dún dún, kò gbé e. Wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú fóònù wọlé níléeṣẹ́ wọn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló máa ń wà títí ṣíìfù á fi parí. Ó bá pè mí. Ó gbé fóònù fún Alhaja. Mo sọ fún un pé mo fojú mi rí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́.

"Àárọ̀ nìyẹn," ni Alhaja wí. "Ṣé ẹ rí i báyìí?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mi ò rí i báyìí.

Alhaja gbé fóònù sílẹ̀. Ó kọjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ pé Afeezat wà láàyè, kí ló mú un ṣe àmín.

"Mo ń jowú rẹ̀, Ìyá."

Ara àwọn ìyá náà le. Ọ̀kan bi í pé, "Ọkùnrin wo ni?"

"Kì í ṣe ọkùnrin. Fáìzàh ni."

Ojú ti Rauf débi pé kò lè gbé orí sókè. Àwọn ìyá náà kò mọ̀ bóyá kí wọ́n máa sunkún lọ tàbí kí wọ́n bú u. Ọmọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ láti itan kan sí ìkejì, ó ń fa ìborùn wọn, ó fi ìrẹsì sí ẹnì kan lẹ́nu. Alhaja mú tẹ̀súbáà rẹ̀, ó ń kà á. Rauf jókòó tì í. Láti ọdún kan ó lé ló ti ń kórìíra àsìkò tí ṣíìfù ń parí. Lọ́jọ́ náà, ó ń wo aago, ó ń bẹ Ọlọ́run kó tètè lù. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé òun ti pa Afeezat lóòótọ́, pé nǹkan kan lè ti ṣe é nídìí ẹ̀rọ nítorí ohun tí òun fẹnu gbà.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni fóònù dún. Rauf tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mejìlá lẹ pè mí, kí ló dé?" ni Afeezat wí. "Ṣé Fáìzàh ti jẹun?"

Alhaja fi tẹ̀súbáà bo ojú, ó sun ẹkún tí kò tíì sun láti ọ̀sán. Nígbà tó parí, ó dìde, ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá. Ó dúró díẹ̀ níwájú Rauf. "Mi ò ní sọ fún un," ló wí. "Ẹ̀yin ni ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín."

Afeezat dé láàárọ̀ Sọ́ńdè, pẹ̀lú àpò bisikíìtì. Ọmọ sáré lọ bá a bó ṣe máa ń ṣe. Rauf jẹ́wọ́ fún mi pé nǹkan kan ṣì ta òun lọ́kàn nígbà tóun rí i, pẹ̀lú gbogbo ìtìjú àná. Ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé níbi kànga, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ó ń dúró de èébú. Afeezat gbé ọmọ sí ìbàdí, ó fetí sílẹ̀ títí Rauf fi parí.

"Ọjọ́ tí Fáìzàh kọ́kọ́ rìn, inú fóònù ni mo ti wò ó," ló wí. "Tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni mo máa ń bi pé kí ló wí. Ọmọ tí mo bí ni o, Bàbá Fáìzàh, ẹ̀yin lẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kò sí ọjọ́ tí mi ò jowú yín nídìí ẹ̀rọ yẹn."

Ó gbé ọmọ náà fún un.

"Ṣùgbọ́n mi ò pa yín rí. Kódà nínú ọkàn mi, mi ò pa yín rí."