Fìlà Funfun Tí A Kò Rí Tà

Ọyẹ́ ọdún náà mú débi pé adìyẹ mi yé ẹyin mẹ́ta tó ti di yìnyín. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi adìyẹ.

Ìyàwó àlùfáà ló kọ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀wọ̀ ní iṣẹ́ òwú híhun. Sítáńdáàdì kejì ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ìyàwó mi kò sì dé ibẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó mọ ojú òwú kà ju bí mo ṣe mọ Bíbélì kà lọ.

Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Ẹ̀kẹta pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí básà Kérésìmesì dé, ó sì ti hun fìlà ọmọ ọwọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ kún apẹ̀rẹ̀ kan láti tà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í kó ẹrù ọmọ jọ nígbà tó ṣì wà nínú, kí ojú ayé má baà rí i kí òun tó rí ayé. Ìyá mi gbà pé ohun títà kì í ṣe ẹrù ọmọ, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ tà lọ́jọ́ náà. Ẹyọ kan kò gbọdọ̀ padà wọ yàrá aláboyún.

Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn Mùsùlùmí àárín ìlú náà wá rà. Òtútù kì í béèrè ẹ̀sìn. Èmi ni mo ń polówó. Mo ní àgùntàn tó ni irun òwú yẹn fẹsẹ̀ rin orí òkun wá, mo ní ọmọ tó bá dé fìlà wa yóò hu eyín mẹ́rin kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rà.

Obìnrin kan láti Òkèlúsè mú fìlà funfun kan, ó béèrè iye rẹ̀. Ẹnu mi tí kì í sinmi ló ṣe é. Mo nawọ́ sí ikùn ìyàwó mi.

"Ìyẹn ti lẹ́ni tó ni ín, ìyá. Inú ibẹ̀ yẹn ló ṣì wà."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó nu ọwọ́ lára ìró rẹ̀. Ìyàwó mi wò mí.

Àwọn yòókù tà tán, fìlà yẹn kò tà. Ọ̀rọ̀ ti tàn káàkiri ọgbà. Mo dín owó rẹ̀ kù, mo ní kí wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá àgbà kan láti Ìdàsẹ̀n ní, "Èmi kẹ̀? Kí n ṣí fìlà lórí ọmọ tí kò tíì débí?" Mo fẹ́ jù ú sígbó. Ìyàwó mi ní ẹni tó bá sọ fìlà ọmọ nù, orí ọmọ ló sọ nù.

Wọ́n ti ń ká tábìlì. Mo bá gbé e dé orí ara mi, mo ní èmi ni mo ni ín. Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó mi.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú ọyẹ́, torí fìlà náà kò gbọdọ̀ wọ yàrá, ẹ̀rù sì ń bà mí láti bọ́ ọ. Ojoojúmọ́ ló ń fún mọ́ mi lórí sí i, bí ẹni pé orí ẹlòmíràn ń wá àyè nínú rẹ̀. Ìyá mi yóò kọjá, yóò wo orí mi, yóò lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìrọbí mú ìyàwó mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ igbe rẹ̀, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láàárín ọ̀sán yẹn. Lẹ́yìn náà ọmọ ké, tín-ín-rín.

Agbẹ̀bí yọjú. "Òtútù ń mú un. Ìró tí a fi gbà á ti rin gbingbin." Ojú rẹ̀ lọ sórí mi, ó nawọ́ sí fìlà.

Mo fi ọwọ́ kan di fìlà náà mú, mo fi èkejì ya ẹ̀wù ọrùn mi níwájú kí n lè bọ́ ọ láìgba orí. Òógùn oko ń rùn lára rẹ̀.

"Ẹ fi èyí wé e."

Ohùn ìyá mi ti inú yàrá wá pé kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yára. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó tún ké.