Pákó Ẹ̀yìn Ìlẹ̀kùn

Inú máa ń tètè bí mi, n kò ní purọ́. Ọdún tí mo ṣe fírídọ̀mù iṣẹ́ káfíńtà ní Ẹ̀jìgbò ni mo rí ọmọbìnrin kan ní Másífà tí mo fẹ́ fi ṣaya. Bàbá rẹ̀, onígbàgbọ́ tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, ní kí n kọ́kọ́ fi pákó bo ògiri pálọ̀ òun, kí n sì kùn ún.

“Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni màá fi mọ irú ẹni tí o jẹ́.”

Bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, ìyàwó ti lọ nìyẹn.

Ilé wa ni mo ti tún pákó náà ṣe. Mo fi ráńdà fá a, mo fi ewé ìpín ha á títí ó fi dán. Mo se èèpo igi títí omi rẹ̀ fi pọ́n rúsúrúsú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi omi náà kun pákó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò mu ún. Ó ń ṣàn dànù, gbogbo rẹ̀ wá rí tótòtó.

Mo ń bú ẹni tó ta igi fún mi nígbà tí ìyá mi, olórìṣà Ògìyán, jáde nínú aṣọ funfun rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Mo ti bá ọ fi òrí pa àwọn pákó rẹ lára lánàá, ọkọ mi, kí iṣẹ́ náà lè tutù.”

Ọ̀rọ̀ burúkú ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, “Ẹ ṣé, ìyá mi.”

Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú fọ òrí náà kúrò, mo sá pákó sóòrùn, mo tún fi ìpín ha á. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọ̀ náà mú. Ara tù mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Pákó kan ṣoṣo ló kọ̀, ojú kan láàárín rẹ̀ ṣì funfun. Igi kò sì sí mọ́; nígbà tí mo ń kàn wọ́n ní Másífà, ògiri ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo kàn án mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni bàbá náà kọ́kọ́ wò. “Kí ló ṣe èyí?”

Ǹ bá ní igi ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè purọ́ náà. “Ìyá mi ló fi òrí pa á, Bàbá, kí iṣẹ́ yín lè tutù. Wọn kò mọ̀ pé kò ní jẹ́ kó mu àwọ̀.”

Ilé onígbàgbọ́ ni mo ti ń dárúkọ òrí olórìṣà. Ó fọwọ́ pa ojú funfun náà.

“Inú kò bí ọ sí i?”

“Ó bí mi, sà. N kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni.”

“Má tú u. Sọ fún ìyá rẹ kó wá tọrọ ọmọ.”

Eré ni mo sá dé Ẹ̀jìgbò. Pálọ̀ bàbá náà ni irinṣẹ́ mi sùn.