Atalẹ̀ Pupa Nínú Láfún Àlàájà

Ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé tó ṣáájú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ọdún 1994. Aago yẹn dá mi lójú, nítorí rédíò ẹlẹ́rọ tó ń bá wa lọ èlùbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde rẹ̀ ni kí ó tó pa á láti tan ẹ̀rọ. Mo ti parí yunifásítì, mo ń dúró de ìgbà tí wọn yóò pè mí fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà. Aládùúrà ni wọ́n. Ìyá Ìjọ ni gbogbo abúlé ń pè wọ́n, títí kan àwọn Mùsùlùmí.

Ìyẹ̀fun tí à ń pò mọ́ mílíìkì gbígbóná ni iṣẹ́ wọn. Atalẹ̀ pupa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n á wá fi atalẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀, kànáfùrù àti ìyèré díẹ̀ sí i. Wọ́n á bọ atalẹ̀ pupa, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a títí yóò fi máa dún bí òkúta nínú igbá. Ṣíbí kékeré kan nínú ife mílíìkì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá, pẹ̀lú oyin: ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń rà lọ́wọ́ wọn ní Ìyànà Ọ̀fà nìyẹn. Wọ́n ní ó ń wo ikọ́. Mo rí ẹni tó mu ún tí ikọ́ rẹ̀ lọ. Mo tún rí ẹni tí ikọ́ rẹ̀ lọ láìmu nǹkan kan. Wọ́n tún máa ń sọ pé ajílẹ̀ òyìnbó ò kan oko àwọn rí. Èyí ni mo lè jẹ́rìí sí, ó kéré tán fún ìgbà tí mo lò níbẹ̀, torí èmi ni mo ń ru ìgbẹ́ adìẹ lọ sí oko náà.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò. Ọlọ kò lè lọ atalẹ̀ náà kúnná tó. Èyí tí a bá fi ọlọ lọ̀ á silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ife bíi yanrìn, oníbàárà á sì tu ú dànù. Ẹni tó bá lé Ìyá Ìjọ kúrò nídìí ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ojúgbà mi kan ló ni ẹ̀rọ náà, ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òfin rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: funfun ló ń ṣáájú. Láfún ni àkọ́kọ́, èlùbọ́ á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà atalẹ̀ Ìyá Ìjọ, kí ata gbígbẹ tó wá kẹ́yìn.

Ní Sátidé yẹn, Ìyá Ìjọ fẹ́ ṣáájú.

"Ìyá Ìjọ, láfún Àlàájà ló wà níwájú."

"Mo mọ̀. Wò ó, mo gbé àgbàdo wá. Tí o bá lọ tèmi tán, fi fọ ẹnu ẹ̀rọ. Ọkọ̀ Ìyànà Ọ̀fà ò ní dúró dè mí."

"Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ràn mọ́ láfún wọn ńkọ́?"

"Kò ní ràn án, lágbára Olúwa."

"Àdúrà kì í fọ ẹ̀rọ o, Ìyá Ìjọ."

Síbẹ̀, ó lọ̀ ọ́ fún wọn. Ó da àgbàdo sí i, ó bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sọ́wọ́, ó fi hàn mí. "Àgbàdo pupa ni. Ó ti mọ́." Mo wò ó. Ó pupa bó ṣe yẹ kí àgbàdo pupa rí. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé báwo ni àgbàdo pupa ṣe fẹ́ fi hàn wá bóyá atalẹ̀ ti tán lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìgbà tí láfún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde la tó mọ̀. Ó pupa bí inú ẹyin.

Ẹlẹ́rọ pa ẹ̀rọ. "Láti òní lọ, atalẹ̀ yín ò gbọdọ̀ wọ ibí mọ́."

Ìyá Ìjọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọkọ̀ Ìyànà Ọ̀fà fọn fèrè, ó kọjá lọ, wọn ò tilẹ̀ wò ó.

Àlàájà dé láti wá gba láfún tí gbogbo agboolé wọn fẹ́ fi jẹ sààrì. Wọ́n dàgbà ju Ìyá Ìjọ lọ dáadáa. Ìyá Ìjọ kúnlẹ̀.

"Àlàájà, láfún funfun wà nílé mi. Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá, kí n kó èyí lọ."

Àlàájà fi ìka bu díẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò. "Ìyá Ìjọ, ṣé ẹ fẹ́ sọ gbogbo ilé wa di aládùúrà ni, tí ẹ fi da òróró àdúrà sí láfún mi?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ẹlẹ́rọ.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin obìnrin yìí. A máa jẹ ẹ́. Ikùn kì í wo àwọ̀." Wọ́n yíjú sí ẹlẹ́rọ. "Mo gbọ́ pé o ní kí wọ́n má wá mọ́."

"Ìyá wa, tó bá jẹ́ ti ẹlòmíì ńkọ́? Àwọn oníbàárà mi á tú ká."

"Òótọ́ lo sọ. Fi wọ́n sẹ́yìn ata."

"Ẹ̀yìn ata kẹ̀!" Ìyá Ìjọ fò dìde. "Ta ló fẹ́ mu mílíìkì aláta?"

"Ẹ̀yìn ata, tàbí ọlọ," ni ẹlẹ́rọ wí. "Àgbàdo funfun lẹ ó sì máa gbé wá."

Ìyá Ìjọ gbé igbá wọn. "Ẹ̀yìn ata náà ni."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyẹ̀fun náà ń ta ni lẹ́nu lóòótọ́. Ìyá Ìjọ dín ìyèré kù, ó ṣì ń ta ni lẹ́nu. Ẹ̀rù bà wọ́n láti gbé e lọ tà, ni wọ́n bá po fúláàsì kan, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún Àlàájà nígbà ìṣínu. Àlàájà mu ún, wọ́n wúkọ́, wọ́n tún mu ún. "Ó ń ta mí lọ́nà ọ̀fun," ni wọ́n wí. Mo na ọwọ́ láti gba fúláàsì. "Ta ló ní kí o gbé e? Fi sílẹ̀ níbẹ̀."

Ní Ìyànà Ọ̀fà, àwọn kan ní ìsinsìnyí gan-an ló wá ń ṣiṣẹ́ fún ikọ́; àwọn kan padà sí tíì wọn. Lójú tèmi, àwọn tó dúró ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n mo lè ṣe ojúsàájú, torí láràárọ̀ ni mò ń bá ife tèmi lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí Ìyá Ìjọ ti fi àwo dé e kí n tó jí.

Nígbà tó yá, wọ́n pè mí fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ní òkè ọya. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ẹlẹ́rọ ti dá Ìyá Ìjọ padà síwájú ata. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí ojú mi rí kẹ́yìn ni pé láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ, kí ẹlẹ́rọ tó da atalẹ̀ wọn sínú ẹ̀rọ, ó mú ìgbálẹ̀ kékeré, ó sì fara balẹ̀ gbá ata kúrò lẹ́nu rẹ̀. N kò rí i kó ṣe é fún ẹlòmíì rí.